Bàbá, Sùúrù Rọbí Nígbà Tí Mo Wà Ní Kíláàsì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín láti ẹnu ọ̀nà kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ kú ilé o. Ìgbà òjò méjì ti kọjá lórí sàréè yín. Ràmá ọmọ mi ti wọ CM1, kíláàsì karùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti ga dé èjìká mi, imú yín ló sì gbé wá sáyé. Bàbá rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Malanville, ọjọ́ tó bá délé la ń rí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Cotonou kò tíì yọjú láti ìgbà tí a ti ṣe sàráà ogójì ọjọ́ yín. Ẹṣin yín márààrún ṣì wà ní Alafiarou. Èmi náà ṣì wà níbẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti máa ń wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ń kó ìgbẹ́, mo ń pọn omi, mo ń tú ewé ẹ̀pà gbígbẹ sílẹ̀ fún wọn, mo sì ń yọ eégbọn ní etí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa wẹ̀, tí màá gun alùpùpù mi, tí màá forí lé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Òórùn ẹṣin kì í bá omi ìwẹ̀ lọ, Bàbá. Madame Ẹṣin ni àwọn ọmọ ń pè mí lẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́, ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀wò ń bẹ nínú àpò, ilé ẹṣin náà ni mo tún ń padà sí, ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí lórí korobá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, tí mo ń fi pẹ́ẹ̀nì pupa sàmì sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó pẹ́ tí mo ti jókòó láìṣe nǹkan kan.

Ẹ rántí pé ẹ di ọwọ́ mi mú nígbà tí àìsàn yín le, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ilé ẹṣin ṣófo. Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ta ló ń bá ẹni tó wà lórí irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ẹ̀yin náà sì ni ẹ lé àwọn àǹtí mi jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ní ọmọbìnrin kì í lọ yunifásítì ní Parakou kí ó má bàjẹ́. Ẹ ní ọmọ yìí yóò kàwé títí yóò fi rẹ ìwé fúnra rẹ̀. Okùn méjì ni ẹ so mọ́ mi. Ọwọ́ kan náà ló so méjèèjì, mo sì fẹ́ràn ọwọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni mo ń yí ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Sùúrù lóyún. Abo ẹṣin yín tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan imú òun, ó gbé oyún fún oṣù mọ́kànlá. Mo ń ka ọjọ́. Lọ́dún kan náà ni alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ní láti wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni, kí wọ́n tó lè fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní òun ń bọ̀ tí kò wá. Wọ́n wá mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá ilé ìwé sì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Madame," ó ní, "mi ò bá ẹṣin yín jà. Ṣùgbọ́n tí alábẹ̀wò bá dé tí ẹ ò sí níkàlẹ̀, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́."

Mo ní màá wà níkàlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo bá Sùúrù tó ń làágùn. Ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan pè é láti ibẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí. Tọ́ntọ́n Sàbí, ọ̀rẹ́ yín, ti dé. Kò sí àárọ̀ kan láti ìgbà tí ẹ ti kú tí kì í wá jókòó ti àwọn ẹṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ti le, tí kò lè di ìjánu dáadáa mọ́. Mo wo aago mi, mo wo ẹṣin, mo tún wo aago.

"Tọ́ntọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o," mo ní. "Ó lè pẹ́ kó tó bí i. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pè mí."

"Ṣé wàá gbọ́ ìpè?"

"Màá gbọ́."

Ẹ̀kọ́ nípa bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. A ri ewé sínú ìgò omi, a gbé e sínú oòrùn lójú fèrèsé, àwọn ọmọ sì ń wo bí ìfófó kéékèèké ṣe ń yọ lára rẹ̀. Alábẹ̀wò jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ̀wé. Nígbà náà ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n. Ọmọ tó jókòó níwájú wo àpò, ó wo ojú mi. Nígbà tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi ẹsẹ̀ ti àpò náà wọ abẹ́ tábìlì, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bàbá, kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn kíláàsì, alábẹ̀wò tún dá mi dúró, ó ń ṣàlàyé ohun tó dára àti ohun tó kù. Ó pẹ́ púpọ̀. Nígbà tó ń dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Madame, ẹ ní sùúrù."

N kò rántí ọ̀nà tí mo gbà dé Alafiarou.

Tọ́ntọ́n kúnlẹ̀ nínú koríko. Ẹsẹ̀ kan ọmọ ẹṣin ti jáde, imú rẹ̀ ti yọ, ẹsẹ̀ kejì ká sẹ́yìn nínú ìyá rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí ẹ fi òrí pa ọwọ́ mi dé ìgúnpá nítorí pé ọwọ́ mi kéré ju tiyín lọ. Mo tún fi òrí pa ọwọ́. Mo dúró kí ìrọbí dẹwọ́, mo ti ọmọ náà padà díẹ̀, mo wá orúnkún rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo pátákò rẹ̀ kí ó má ya ìyá, mo sì fà á wá. Kò le, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣe àlùwàlá lọ.

Akọ ni. Dúdú ni, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Mo nu imú rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, mo fi koríko ra á lára títí ọwọ́ mi fi bó. Kò mí.

"Ó tó, ọmọ mi," Tọ́ntọ́n ní.

Sùúrù yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ó lá a láti orí dé ìrù, ó ń pè é pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn tí wọn kì í fi pe ẹlòmíràn. A ò lè wò ó, a ò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Tọ́ntọ́n wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. "O ní kí n má fọwọ́ kàn án," ó ní. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú.

Ìwé ìfìdímúlẹ̀ mi dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá kí mi, mo ní àmín. Mi ò sọ fún ẹnì kan níbẹ̀ pé mo gbọ́ ìpè lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jẹ́wọ́ fún Tọ́ntọ́n pé ó ti sú mi, pé tí kì í bá ṣe ìlérí tí mo ṣe fún yín, ǹ bá ti fi àwọn ẹṣin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹ ò sọ fún mi rí.

"Bàbá rẹ lọ nígbà kan," ó ní. "Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Tchaourou. Cotonou ló ń lọ, ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá rẹ̀ ní kí n sáré bá a, kí n sọ fún un pé akọ ẹṣin ń kú lọ."

"Ṣé ó ń kú lọ lóòótọ́?"

"Ó ń jẹ koríko. Èmi ni mo gbé irọ́ náà lọ. Bàbá rẹ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó sáré wálé. Nígbà tó rí ẹṣin náà tó ń jẹun, ó gbé korobá, ó lọ pọn omi fún un. Kò sì lọ mọ́."

Bàbá, nígbà tí mo máa ń bá yín lọ sí ọjà Tchaourou ní kékeré, tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, ẹ máa ń dúró. Ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa ń dúró títí kò fi ní dún mọ́. Mo rò pé aago lẹ ń fi í mọ̀ ni. Ṣé ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn? Ṣé ẹ dárí ji Tọ́ntọ́n, àbí ọ̀rẹ́ yín náà kò ní ibòmíràn tó lè lọ ni? Ẹ̀yin tí wọ́n fi irọ́ dá padà, kí ló dé tí ẹ fi di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ yẹn? Mo ti bi ògiri ilé ẹṣin léèrè. Mo ti bi yín léèrè lórí sàréè.

Mo gbìyànjú láti bínú sí yín. Ó máa ń ṣeé ṣe títí di ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí Sùúrù bá gbé orí rẹ̀ lé mi léjìká. Mo fẹ́ràn wọn, Bàbá. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ kíláàsì mi náà. Ká ní mo kórìíra ọ̀kan nínú méjèèjì, ilẹ̀kùn ì bá ti ṣí fún mi láti jáde.

Wàrà Sùúrù ti gbẹ. Nígbà tó tún fẹ́ gba akọ, Tọ́ntọ́n bi mí bóyá kí a mú akọ ẹṣin wá. Mo ní rárá. Ó ní ṣé lọ́dún yìí nìkan ni. Mo ń yọ eégbọn ní etí Sùúrù lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Ràmá tẹ̀ lé mi lọ sílé ẹṣin. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìrù Sùúrù, ó sì bi mí bí ọmọdé ṣe máa ń béèrè nǹkan, láìwo ojú mi.

"Màmá, tí ẹ bá kú, ṣé èmi ni màá máa tọ́jú wọn?"

Mo sọ garawa omi kalẹ̀. "Tó bá wù ọ́," mo ní. "Tí kò bá wù ọ́, wá ẹni rere tí yóò mú wọn, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Mi ò ní bínú."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́."

Mo gbé ohùn mi sókè nígbà tí mo sọ ọ́, Bàbá, kí ẹ lè gbọ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ni, ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ju tiyín lọ, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.