Ọwọ́ Bọ́lá Lára Òpó Ẹnu Ọ̀nà

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àdánìkanwà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Toronto níbí. Mo kí Uncle Kúnlé, àbúrò Bàbá mi, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń fi fóònù pàṣẹ sílé lè rí i kà.

Òtútù ti ń dé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣì ń ṣe. Lápá Oakville nítòsí Toronto la wà báyìí, níbi ilé ńlá kan tí olówó àtijọ́ kọ́ bíi ti àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ọ̀nà olókùúta rẹ̀ àti ògiri tó yí ọgbà ká ti ń wó, àwa là ń tún un ṣe kí snow tó bẹ̀rẹ̀. A kì í kàn wó o o! A máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan ká tó yọ ọ́, kó lè padà sáàyè rẹ̀. Mo ráhùn, mo ní ṣé nítorí òkúta lásán la ṣe ń ṣe wàhálà tó báyìí. Fóòmàn wa, bàbá arúgbó kan, ní ẹni tó tò ó ti kú, kò sẹ́ni tá a máa padà bi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ilé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ní kí Uncle wó ẹnu ọ̀nà ọgbà wa tí Bàbá olóògbé fọwọ́ ara wọn mọ, torí mọ́tò ò lè gbabẹ̀ wọlé, ojú sì ń tì mí. Mo gbàgbé, Màámi. Mo gbàgbé pé lára òpó ọ̀tún ni Bàbá ti tẹ ọwọ́ èmi àti Bọ́lá àbúrò mi mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù, kí ibà tó mú Bọ́lá lọ lọ́mọ ọdún mẹ́rin. A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi sàréè ọmọ han òbí nílẹ̀ wa. Ọwọ́ yẹn nìkan lẹ ní, òun lẹ máa ń fọwọ́ kàn láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Òmùgọ̀ ni mí!

Mo sáré pe Uncle. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n ti kó àfọ́kù rẹ̀ dí kòtò ìsàlẹ̀ àdúgbò, ẹ̀yin náà sì ti gbé agbọ̀n lọ síbẹ̀, ẹ ń ṣà á látàárọ̀.

Mo wá pè yín. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá ẹ̀wù òtútù mi nípọn. Mo sunkún nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sí. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, kò ní jẹ́ kí ẹ tún sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tèmi lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ jù ú padà sínú kòtò. Ẹ máa wá ti Bọ́lá.

Ọmọ yín tó kù,
Dàpọ̀