Ìnṣọ́ránsì Ọkọ Mi Há Sáàárín Ìjọba àti Ilé-iṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Enugu là ń gbé. Káfíńtà ni ọkọ mi. Nígbà tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan pawọ́ pọ̀ gbé ìnṣọ́ránsì kalẹ̀ fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kíá ló wọ̀ ọ́. Lóṣù tó kọjá, ó já bọ́ látorí òrùlé ní Ugwuaji, itan rẹ̀ ṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ní ìjọba ò tíì san ìpín tirẹ̀. Ìjọba ní ilé-iṣẹ́ ló kàn. Nílé ìwòsàn tó wà, wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹsẹ̀ sì ń wú.

Lánàá ó ní, “Ìyàwó mi, gbé mi lọ sílùú wa, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá mi to eegun yìí.” Dókítà ní ó lè kú sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbé e ni, àbí kí n ṣì dúró de ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà?