Ìfura Loògùn Àgbà: Màmá Manonmani Ponnudurai, 1949–2019

Abúlé Karaveddy, nílẹ̀ Jaffna, ni wọ́n ti bí Màmá wa lọ́dún 1949, sí ìdílé Vaithilingam, àgbẹ̀ tábà, àti Sinnammah aya rẹ̀. Àwọn ni àbígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Lọ́dún 1971 wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Ponnudurai, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo oníbàárà wọn ló mọ̀ pé Màmá kì í gba ìwọ̀n aṣọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àfi kí wọ́n fọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́n.

Lọ́dún 1988, nígbà ogun, àwọn tó gbébọn mú ẹ̀gbọ́n wọn, Kanagarasa, lọ. Kò padà wá. Oorun dá lójú Màmá. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́yìn ògiri, wọ́n sì ní àwọn aládùúgbò ń ṣọ́ àwọn. Ẹbọ tí a rú lójúbọ òrìṣà Pillaiyar kò wo àìsàn náà, la bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Bàbá wa ni dókítà bi ní gbogbo ìbéèrè. Kò bi Màmá ní ẹyọ kan.

Níbẹ̀ ni Màmá ti sọ pé oògùn wà nínú tíì ọ̀sán. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, àìsàn yín ló ń fura yẹn." Wọ́n fi kún abẹ́rẹ́ Màmá. Màmá bá sọ̀rọ̀ sí Nagammah, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, létí: "Da tíì tìrẹ sídìí òdòdó lónìí, ká wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo yàrá sùn fọnfọn. Àwọn méjèèjì nìkan ló jókòó, ojú wọn dá wáí, wọ́n ń tàkùrọ̀sọ. Nọ́ọ̀sì àgbà wọlé, ó wò wọ́n, ó wo ife wọn.

"Ta ló sọ fún yín?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ kì í béèrè bẹ́ẹ̀.

Ara wọn yá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn wọn nílé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń bù ú. Lọ́dún 2007, Dókítà Sathiyaruban, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn náà, pe àwọn tó ti gbàtọ́jú níbẹ̀ rí kí wọ́n wá sọ ohun tó yẹ ní àtúnṣe. Màmá lọ, wọ́n gbé tíì tiwọn dání.

"Ta ló rán ẹ?" ni wọ́n kọ́kọ́ bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn níbẹ̀ lẹ mọ ohun tójú yín rí."

"Àwọn tó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ náà sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà."

Dókítà béèrè: "Kí ni kí n ṣe tẹ́ ẹ fi máa gbà mí gbọ́?"

"Má wulẹ̀ ní kí n gbà ọ́ gbọ́. Ṣe é, kí n máa wò ọ́."

Ohun tí Màmá béèrè ni pé kí wọ́n má fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ mọ́. Kí wọ́n sọ orúkọ oògùn àti ohun tó ń ṣe lára fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Kí wọ́n sì bi aláìsàn kí wọ́n tó bi ẹbí rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbà. Màmá kò gbà pé wọ́n gbà. Màmá á kàn yọ sí àwọn nọ́ọ̀sì lójijì, wọ́n á gba ilé ìdáná wọlé. Nígbà kan, wọ́n bá ìyẹ̀fun funfun létí ìkòkò tíì. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ni.

"Tọ́ ọ wò, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì kò tọ́ ọ wò. Dókítà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yàrá, àtìgbà náà làwọn aláìsàn fúnra wọn sì ti ń dúró ti ìkòkò. Nígbà tí ilé ìwòsàn fẹ́ dá Màmá lọ́lá lọ́dún 2018, ìdáhùn wọn ni: "Ṣé kí n lè dákẹ́ ni?" Wọn kò lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Màmá sùn nílé, wọn kò jí mọ́. Wọ́n fi Bàbá wa sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Yogarani àti Kugadasan, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Thuvaraka, Abinash àti Kavisha.

Ẹ má wá Nagammah láàárín wa lónìí. Ó ránṣẹ́ pé òun wà nílé ìdáná ilé ìwòsàn, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì á ti rò pé, bí a ṣe ń sìnkú yìí, ẹnikẹ́ni kò ní yọjú.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí ilẹ̀ ṣe yín jẹ́jẹ́.