Ìyá Mi, Ajá Inú Ìwé Kì Í Gbó

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà. Ṣé ara le? Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí àbúrò mi Sàlámátù, mo kí gbogbo agboolé wa ní Gàmbàrí. Mo wà láàyè nínú òtútù Kánádà níbí, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Sàlámátù pè mí lánàá. Ó ní Bàbá Kékeré ti pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ìwé ìtàn ajá tí mo kó jọ kúrò nílé, pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán ajá bá wà. Ó ní ẹ ti gbé páálí kan fún ìyá elẹ́pà ní ọjà Ìpàtà, ó sì ti ń ya wọ́n fi di ẹ̀pà. Àárín ẹrù tí mo ń tò níbi iṣẹ́ ni mo ti bú sẹ́kún. Ọ̀gá mi bi mí pé ta ló kú.

Ìyá, ìwé àtijọ́ ni wọ́n. Wọ́n ti tẹ òmíràn nínú wọn kí wọ́n tó bí yín, a kò sì lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ilé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń tọrọ wọn. Mo gun ọ̀kadà dé Òkè-Oyì nínú òjò nítorí ẹyọ kan ṣoṣo, mo bọ́ ẹ̀wù mi bò ó bọ̀ wálé. Ẹ bú mi lọ́jọ́ náà, ẹ ní ta ló ń wọ ẹ̀wù fún ajá. Níbí tí n kò ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi dáadáa, àwọn ni mo máa ń rò kí oorun tó gbé mi lọ. Bí mo bá dé tí n kò bá wọn, àlejò ni mo wá ṣe.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nìyí: ẹni tó bá ra ẹ̀pà ní Ìpàtà, tó rí ajá lára bébà rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó jẹ ẹ̀pà, kó bá mi dá bébà padà sílé wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láàárín àwọn ìwé kéwú Bàbá wa olóògbé, èyí kan wà tí wọ́n fi bébà sìmẹ́ńtì bò, tí ẹ máa ń nu eruku ara rẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Kì í ṣe ìwé kéwú. Ìtàn ajá ni, òun ni Bàbá kọ́kọ́ rà fún mi. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi bébà bo àwòrán ajá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kó lè bá wa gbélé. Yàrá tí wọ́n ti ń kírun ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo bẹ̀ yín, bébà sìmẹ́ńtì kò wọ́n. Ẹ bá mi bo àwọn tó kù, ẹ má lé wọn jáde.

Ọlọ́run yóò dá yín sí dè mí. Mo kí gbogbo ilé, mo kí ìyá elẹ́pà pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ,
Làmídì