Ìrẹ́pọ̀ Wákàtí Kan Lẹ́yìn Oúnjẹ Ọ̀sán

Ìgbòho,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, 1992.

Ṣàkírù Àlàó, ọmọ mi,

Àsàláámú àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Tawakalitou ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ yín ní Yopougon, ní Abidjan níbẹ̀, kò ní gé ọ níka, ọkọ̀ Abobo kò ní gbá ọ, òjò kò ní bá àwọn ọmọ lórí ẹní. Àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà, mo sì wà dáadáa, àní bí mo bá ń gbálẹ̀, orin ló ń ti ẹnu mi jáde, tí Ìyá Daouda aládùúgbò wa wá ń béèrè pé ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni kò ní jẹ́ kí ará àdúgbò gbádùn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó fi òwú dí etí.

Oumarou awakọ̀ tó ń ná Abidjan ló sọ fún mi pé o ti gbọ́ pé mo lọ́kọ, pé ńṣe ni o ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi lẹ́tà sọ fún ọ, ẹnu èèyàn ti sáré ju lẹ́tà lọ. Ó di oṣù méjì báyìí tí n kò gbúròó rẹ. Ọmọ mi, n kò mọ ohun tó bí ọ nínú, nítorí ìwọ lo ní kí n lọ́kọ. Má sọ pé o kò sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o rántí ìgbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní dìsípẹ́ńsárì, tó ní ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí o sọ fún dókítà iléeṣẹ́ yín, tí o wá gba ìmọ̀ràn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi? Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ibi tí o ti kí mi, mo dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n o kò dúró kí n parí. Bá wọn sọ ọ́ níbi tí o ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n máa fún ọ ní irú èyí tó ń ní sùúrù fún àgbà.

O ní dókítà ní kí n máa ṣe máàṣì láràárọ̀. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ló jẹ ìdí ọ̀rọ̀ náà, nítorí gbogbo ẹni tó ti Abidjan dé, máṣé ni wọ́n ń pe ọjà. Mo bá ń lọ sí ọjà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni à ń ná an, ṣùgbọ́n dókítà ní ojoojúmọ́, èmi sì ń lọ lójoojúmọ́, máìlì kan ààbọ̀ ní àlọ, máìlì kan ààbọ̀ ní àbọ̀. Ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, ewúrẹ́ nìkan ni mo ń bá níbẹ̀, mo kí wọn, mo sì yí padà. O tún ní kí n jókòó, kí n dijú, kí n máa mí díẹ̀díẹ̀, kí n má ro nǹkan kan. Èyí nira. Ọjọ́ kìíní, mi ò ro nǹkan kan lóòótọ́, iṣu jóná. Ọjọ́ kejì, iṣu nìkan ni mo rò. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Daouda bá mi níbi tí mo dijú sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìnnálílááhì lé mi lórí, mo ní láti la ojú kan kí n lè sọ fún un pé iṣẹ́ dókítà ni mò ń ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn ló wá ṣe pàtàkì jù. O ní kí n máa ṣe rẹpó, wákàtí kan lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní rẹ́pọ̀ ni o pè, kásẹ́ẹ̀tì ló tún bà á jẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé mo lọ ilé-ìwé Mọ́dà, mo sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tí èèyàn kò lè dá ṣe, pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni bá rẹ́. Mo wá rò ó pé ta ni èmi kò bá rẹ́ pọ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí? Bàbá Mùínàt nìkan ni, nítorí omi òrùlé wọn tó ń dà sí ògiri ilé ìdáná mi. Ọdún mẹ́fà ni a kò fi kí ara wa. Ẹ̀rù dókítà yín bà mí, ó jókòó sí Abidjan, ó rí ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè ní Ìgbòho.

Mo ki àga mọ́ abíyá, mo wọ àgbàlá wọn, mo ní dókítà ní kí a máa rẹ́pọ̀ fún wákàtí kan. Wọ́n ní ṣé bí ọmọ mi ṣe pè é gan-an nìyẹn. Mo ní rẹpó ni ó pè é. Wọ́n wúkọ́, wọ́n kọjú sí ibòmíràn, wọ́n ní a kì í bá dókítà jiyàn, kí n gbé àga sún mọ́ ibòòji.

Ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ omi òrùlé la sọ. Ọjọ́ kẹta, wọ́n yí páànù náà sí apá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ lọ kí àwọn náà lè gbọ́ ọ, bí ó sì ṣe dé ibi tí àwọn ọmọ ọkọ̀ gbàkà ti ń pariwo Abobo Gare lẹ́yìn ohùn rẹ, Bàbá Mùínàt ní kí n dá a padà sẹ́yìn kí àwọn tún un gbọ́. Mo dá a padà nígbà mẹ́rin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ru ẹrù ní èbúté Abidjan, wọ́n sì mọ igun tí o dúró sí, wọ́n ní ìyá alátíékẹ̀ kan, tó ń ta oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, máa ń wà níbẹ̀ tí kì í kí oníbàárà tí kò bá ní ṣẹ́ńjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí eré orí rédíò tó dùn mọ́ wa tó ariwo yẹn.

Nígbà tí mo padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wálẹ̀, ó ní oògùn wo ni mo lò, mo ní ìrẹ́pọ̀ ni. Mo wá ṣe ìṣirò rẹ̀: bí wákàtí kan bá lè ṣe báyìí, mẹ́rìnlélógún ńkọ́? Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá Mùínàt, fìlà bọ́ lórí wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, wọ́n so yìgì fún wa. Àpótí aṣọ bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Bàbá Mùínàt fúnra wọn ló rù ú lórí wọ inú ilé wọn, wọ́n ní àlejò kì í wọlé kí ó fi ẹbí sí ìta.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti oko dé, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ṣe rẹpó díẹ̀. Wọ́n na ara lórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbé àga mi dé, mo jókòó, mo ń retí pé kí a rẹ́. Ọmọ mi, ńṣe ni wọ́n ń hanrun. Mo jí wọn, mo ní irú ìrẹ́pọ̀ wo nìyí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ìsinmi ni àwọn Faransé ń pè ní rẹpó, pé máàṣì náà, ìrìn ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọjà. Mo ní ṣé wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn bá túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà yẹn, ilé mi ni mi ò bá padà lọ sùn sí ní èmi nìkan. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gba ẹnu mi.

Oumarou yóò fún ọ ní kásẹ́ẹ̀tì náà. Má fọwọ́ kan ojú kìíní, ẹ̀rí mi wà níbẹ̀. Ojú kejì ṣófo. Lọ sí ibùdókọ̀ Abobo Gare, gba ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀ sí i kó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o kí Bàbá Mùínàt. Bí o bá fẹ́, pè wọ́n ní bàbá, bí o kò bá tí ì fẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta náà tó, ṣùgbọ́n kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ. Láti ìgbà tí o ti dákẹ́ ni wọn kò ti jẹ́ kí n dá kásẹ́ẹ̀tì padà mọ́, wọ́n ní kò yẹ kí àwọn máa gbádùn ohùn ẹni tí kò kí àwọn. Fi owó bátìrì mẹ́fà ránṣẹ́, kí o sì fi owó àga kan kún un. Méjì la ní lábẹ́ ibòòji, ìwọ náà yóò jókòó bí o bá wálé.

Ọlọ́run yóò sọ ẹ̀jẹ̀ ìwọ náà di títutù, yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ mọ ojú wa. Bí rẹpó bá jẹ́ ìsinmi, a ti sinmi. Bí ó bá sì jẹ́ ìrẹ́pọ̀, ìwọ nìkan ló kù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùkàrámà, ìyàwó tuntun.