Nọ́ńbà Tí Mo Kà Sódì

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, nítorí bí mo bá fi ìkíni ṣíwájú, ojora á tún mú mi, màá sì ká bébà yìí sápò bíi mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá rẹ ò fìgbà kan mọ ohun tí nọ́ńbà iwájú orúkọ rẹ túmọ̀ sí. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ nílùú ńlá kò ní tòògbé lórí rẹ. Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun kí o tó jókòó sídìí ayò. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, ibi tí àga ìgẹrun wà nìkan ni kì í tutù, nítorí náà oníbàárà kan ṣoṣo ló ń gbẹ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí o di ọ̀gá àgbà nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo jó títí abẹ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Àfi bí mo ṣe rí 2512 níwájú orúkọ rẹ lórí fóònù. Èmi rò pé ipò ni, bíi ti ìdánwò. Irú ọ̀gá wo lẹni tí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níwájú rẹ̀? Bí oníbàárà bá bi mí pé ipò kelòó lo wà, màá ní kó tẹrí ba, kí abẹ má gé e létí. Ìgbà tó di 2468, mo ní a dúpẹ́, mo kọ̀wé sí ọ pé o káre, máa já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi kan oókan. Láti ọjọ́ náà lo ò ti pè wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá sọ pé o fẹ́ pa ayò tì, pé o ní bàbá rẹ gan-an ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò tíì tán. Mo ti bá ọ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, mo kún un, mo sì ti dá a padà fún wọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, mo kọ "sùúrù". Níbi fọ́tò, tèmi ni mo lẹ̀ síbẹ̀, a ṣáà jọra. Ọjọ́ tí ìdíje ayò rẹ tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí o wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àná ni atúnfóònùṣe ẹ̀gbẹ́ wa wá gẹrun. Mo ní kó bá mi wá tábìlì tó tẹ́jú dáadáa tí màá gbé fóònù lé bí mo bá ń wo ayò rẹ, kí àwọn ọmọ ayò rẹ má bàa ṣubú nínú fóònù. Ẹ̀rín tó rín, díẹ̀ ló kù kí n fá a lójú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, mo fi 2468 tó wà níwájú orúkọ rẹ hàn án. Ó ní, ọ̀gá, nọ́ńbà yẹn, bó bá ṣe ń ga ni agbára ń pọ̀ sí i, pé ìwọ̀nba ni àwọn tó kan 2500 rí láyé yìí, àti pé bó bá já lónìí, ó lè gòkè lọ́la. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo ń wo ara mi nínú dígí. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá!

Jọ̀wọ́, má fi àìmọ̀kan mi pa iṣẹ́ rẹ tì. Lọ sí ìdíje yẹn. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó dátà ránṣẹ́ kí n lè máa wò ọ́, àti owó páànù, ṣùgbọ́n dátà ni kó ṣáájú. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ibi tí ojú rẹ ò bá tó, Ọlọ́run á bá ọ wò ó. Bí o borí, ọmọ mi ni ọ́. Bí o fìdí rẹmi, ọmọ mi náà ni ọ́.

Lọ́la, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ọ́fíìsì ìjọba tó ṣílẹ̀kùn ni màá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, màá sì gba fọ́ọ̀mù yẹn padà lọ́wọ́ akọ̀wé wọn, bí mo bá tilẹ̀ máa gẹrun fún un lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọdún á fi parí.

Bàbá rẹ.