Ilé Onítáyà Tó Hu Ewé

Etí Odò, Owódé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Inú ọyẹ́, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2020.

Roheemat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí Husain ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń mu omi kan náà ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ara yín le? Tiwa le, àfi orúnkún mi tí kì í gbọ́ràn mọ́. Ǹ bá fi fóònù pè ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí gùn ju káàdì lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò sì mọ̀ bóyá Nàìjíríà lòun wà tàbí Bẹ̀nẹ̀. Àṣìkẹ́ aláṣọ tó máa ń gba ọ̀nà igbó wá sọ́dọ̀ yín ni yóò mú lẹ́tà yìí wá.

Ọ̀rọ̀ kárafáànù rẹ ni. O rántí pé nígbà tí àwọn tó ń ṣe títì ní Ìlaròó kó ẹrù wọn lọ, bàbá rẹ ra ilé onítáyà yìí lọ́wọ́ wọn. Ó ní inú rẹ̀ ni wàá ti máa ránṣọ, kó o yé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olódẹ̀dẹ̀. Katakata wọ́ ilé náà dé Owódé níbí, ni wọ́n bá ní ìjọba ti ti bọ́dà. Èèyàn lè fẹsẹ̀ gba inú igbó kọjá, ilé ò lè gbà á. Bí katakata ṣe tú u sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Bàbá Ọdẹkúnlé létí odò nìyẹn, tó sì padà lọ.

Ilẹ̀ yẹn rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Òjò kan péré rọ̀, táyà kan rì, ilé rẹ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo èèyàn ló ní ká yọ táyà, ká gbé e ka búlọ́ọ̀kù. Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "A kì í bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ti dìde ìrìnàjò." Ó dá a lójú pé lọ́la ni bọ́dà máa ṣí. Agídí Bàrúwà bàbá rẹ, o kúkú mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ lo ti jogún tìrẹ.

Ó da èèpo èkùrọ́ sábẹ́ táyà, ó tẹ́ pákó lé e, ó fi òkúta dè é níwájú àti lẹ́yìn, ó wá fi òpó gbígbẹ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé abọ́ omi kan sílẹ̀ nínú ilé. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, ó di ìdí abọ́. Etí abọ́ tí omi bá fì sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rì, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ tún ṣe.

Ikán jẹ àwọn òpó náà láìjẹ́ ká mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìjì jà, wọ́n kán, ilé rẹ sì dorí kọ odò. A fi okùn fà á, a fi èjìká tì í, mo sì ń ké orúkọ rẹ àfi bí ẹni pé inú rẹ̀ lo wà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Igi tó sún mọ́ wa jù nínú ọgbà ni bàbá rẹ sáré gé, ó gbẹ́ ẹnu wọn, ó gún wọn mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí òjò dá, Bàbá Ọdẹkúnlé wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàrúwà, ìyeyè lo gé yẹn o. Igi yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun."

Òótọ́ ni. Wọ́n hu ewé. Nígbà tí òjò ọdún yìí fi máa dá, ewé ti dé ojú fèrèsé, gbòǹgbò ti di ilẹ̀ rírọ̀ náà mú, omi inú abọ́ kò sì fì síbì kankan mọ́. Láàárọ̀, bí ìkùukùu bá bo etí odò, a kì í rí táyà rárá. Ewé nìkan la ń rí, àti fèrèsé kan tó dúró sínú afẹ́fẹ́. Nígbà míì mo máa ń wọlé lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Òjìji ewé a máa rìn lára ògiri, màá sì máa gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá oorun ni. Mo rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ilé náà ń fi igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lọ sí Àjàṣẹ́, kò kánjú, ó dúró mu omi lódò.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé bọ́dà fẹ́ ṣí. Bó bá ṣí, a gbọ́dọ̀ gé ìyeyè náà kí ilé tó lè kúrò. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti gbọ́ ni kò ti jẹun dáadáa. Ó ń sọ pé ilé tó ti ta gbòǹgbò kò yẹ ní fífà tu, pé bóyá ìwọ ni kó o wá máa ránṣọ níbí. Mo mọ ohun tó ń wá. Ìwọ ló ń wá. Mi ò ní purọ́ fún ọ, àárò rẹ ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé, "Bàbá Roheemat, ọmọ la ra ilé fún, a ò fi ilé ra ọmọ." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kárafáànù, ó ń já ewé.

Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ ò ní ṣẹ́, oníbàárà ò ní wọ́n ọ, ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ ń wù ú rí,
Hùmúàní.

Àfikún: Àṣìkẹ́ ò tíì gbéra tí ìròyìn fi dé pé bọ́dà ti ṣí. Bàbá rẹ mú àdá. Fúnra rẹ̀ ló gé ìyeyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi àpò tútù wé ìdí wọn kí wọ́n má bàa gbẹ, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú kárafáànù. Kùkùté wọn ṣì wà níbí, yóò tún hù. Katakata ti fa ilé rẹ lọ, bóyá á tiẹ̀ ṣáájú lẹ́tà yìí dé. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ilẹ̀ Àjàṣẹ́ náà rọ̀, kó o má jẹ́ kí wọ́n fi igi gbígbẹ tì í. Abọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti da omi tiwa nù. Bu omi tìrẹ sí i.